Ààrò Mẹ́ta Tí Ó Da Ọbẹ̀ Nù

Èmi ni mo tan ẹ̀rọ tí ó ba ẹ̀dọ̀fóró àbúrò mi jẹ́, nítorí pé ojú tì mí láti sọ pé n kò mọ̀.

Màmá wa ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń pa òórùn sìgá nínú yàrá tí èèyàn kò sí. Nígbà tí wọ́n ra tuntun, wọ́n fún Màmá ní ògbólógbòó. Yàrá wa máa ń rùn nítorí ọ̀rinrin, àbúrò mi sì ní ikọ́ fée. Ọjọ́ méjì ló kù kí ó sáré fún ilé ìwé. Ẹsẹ̀-Ò-Kanlẹ̀ ni wọ́n ń pè é, torí kò sẹ́ni tó lè bá a.

Màmá gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀. "Òsóònù ni wọ́n ní ó ń tú jáde. Kí wọ́n tó tàn án, wọ́n máa ń ní ká jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi, ṣé kò léwu?"

Àná gan-an ni tíṣà kẹ́místrì kọ́ wa nípa òsóònù. Mo rí òdo mẹ́ta tí ó yà sójú pátákó. Mo ka mẹ́ta, n kò wo bí wọ́n ṣe tẹ̀. Mo yíjú sí ọ̀rẹ́ mi, à ń sọ̀rọ̀ bàtà.

"Ọ́síjìn tí à ń mí sínú, méjì-méjì ló so pọ̀," ni mo wí. "Òsóònù jẹ́ mẹ́ta. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, Màmá!"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ọmọ mi!"

Mo tàn án, mo sì ti fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń rùn bí ìgbà tí mànàmáná kọ."

"Òórùn ìmọ́tótó nìyẹn. Sinmi jàre."

Mo pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn. N kò tíì fọ abọ́ tán tí mo gbọ́ tí ó ń lu ilẹ̀kùn. Kò lè sọ̀rọ̀. Oògùn tí ó máa ń fín sẹ́nu kò ràn án. Màmá pọ̀n ọ́n lọ sílé ìwòsàn, ọmọ ọdún méjìlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá tíṣà, mo sọ òwe tí mo pa fún Màmá fún un. Ó tẹ apá rẹ̀. "Àwọn ọ́síjìn mẹ́ta náà kò jókòó bí ààrò. Bí ìgúnpá yìí ni wọ́n ṣe tẹ̀, ìdè wọn kò le, ọ̀kan ń wá ẹni tí yóò já lé: òórùn, aṣọ, ẹ̀dọ̀fóró. Lókè sánmà, òsóònù ń dí oòrùn líle lọ́wọ́ fún wa. Nílẹ̀ níbí, àwa ló ń bù jẹ."

"Ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, sà."

"Mo sọ ọ́. Bàtà lo ń sọ."

Òwe dára, ṣùgbọ́n òwe kò ka kẹ́místrì. Ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ojú á tì yín díẹ̀, á sì kọjá.

Àbúrò mi kò kú. Bí wọ́n bá ń sáré báyìí, orí bẹ́ǹṣì ló ń jókòó sí, tí ó ń bá àwọn tí ó máa ń fi sẹ́yìn tẹ́lẹ̀ di bàtà wọn mú.