Apá Kẹrin Aládàá Òru

Orí àkàbà ni Olúyẹ́misí ti kọ́kọ́ rí ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́dà náà lọ́dún 1978, níwájú ilé sinimá kan ní àdúgbò Adébáyọ̀, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ọ̀dà pupa nímú. Ohun tó ń kọ sára pátákó ni: ALÁDÀÁ ÒRU, APÁ KẸRIN. Ó DÙN JU MẸ́TA ÀKỌ́KỌ́ LỌ.

Tíṣà ni Yẹ́misí, ọmọ Katikíìsì Adébíyìí, ó sì ti wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá rẹ̀ kò kúkú mọ̀. Yẹ́misí bi ọlọ́dà yìí bóyá ó ti wo ìkẹrin fúnra rẹ̀. Ọlọ́dà ní fíìmù náà kò tíì dé.

"Ẹ ń jẹ́rìí ohun tójú yín ò rí nìyẹn."

"Mísì, ẹ má nà mí," ló fèsì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀ ẹ́ kó wá bá òun wò ó lọ́sàn-án Sátidé, kí àwọn jọ dá a lẹ́jọ́.

Ẹ gbọ́, kì í ṣe àdá ló dẹ́rù bani nínú Apá Kìíní. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń dirun fún àbúrò rẹ̀. Gbogbo wa ti fẹ́ràn rẹ̀ kí apànìyàn tó kanlẹ̀kùn. Apá Kẹrin ńkọ́? Kéèyàn tó jókòó dáadáa, ẹni mẹ́jọ ti kú. Àwọn èrò ń jẹ ẹ̀pà wọn lọ.

"Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ ká mọ orúkọ ẹnì kan kí wọ́n tó pa á," ni ọlọ́dà rọra sọ sí i létí nínú sinimá ní Sátidé náà. Ohun tó wà lọ́kàn Yẹ́misí gan-an nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti fà sí i.

Lọ́jọ́ Ajé, ọlọ́dà pa ọ̀rọ̀ orí pátákó rẹ́, ó kọ ọ́ pé Apá Kìíní ló dára jù. Ọ̀gá rẹ̀ bínú títí, àmọ́ èrò ò dín.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, Yẹ́misí sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ti rí ẹni tóun máa fẹ́. Bàbá béèrè iṣẹ́ rẹ̀, ó gbọ́, ó fajú ro. Ó ní ọmọ sinimá ò ní tẹ ilé òun. Yẹ́misí sunkún débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ fíìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí kan òkú mẹ́jọ tí kò lórúkọ.

"Bàbá mi, ohun tẹ́ ẹ ṣe sí ẹni tí mo fẹ́ nìyẹn. Ẹ ò tíì béèrè orúkọ rẹ̀ tẹ́ ẹ fi lé e."

Katikíìsì fà á dìde. Ó ní, "Pè é wá sí ulé."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. Olúgbénga lorúkọ rẹ̀, ọmọ Bámgbóyè ní Ìyìn. Òun ló ń rán àbúrò mẹ́ta níwèé. Bàbá ń béèrè, ó ń dáhùn, títí iyán fi tutù.

"Ó tán," ni Bàbá wí. "Mo ti mọ orúkọ ẹ. N ò lè lé ẹ mọ́."

Kí Ọdún Àjíǹde tó dé, Bàbá fúnra rẹ̀ ló ka orúkọ àwọn méjèèjì sétí ìjọ fún ìkéde ìgbéyàwó wọn, Ìsinmi mẹ́ta tẹ̀ léra, ohùn rẹ̀ sì ń ròkè tó bá ti kan ti Gbénga.