Ohùn Tó Wà Láàárín

"Mutmainah, gbọ́ mi dáadáa o. Má fọwọ́ kan fídíò yìí títí n ó fi dé lọ́jọ́ Àìkú."

Gbádérọ̀ ti dìde, ó ń gbọn eruku kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ to sípíkà márùn-ún sí pálọ̀ wọn ní Àgbówó tán ni: mẹ́ta níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, méjì lẹ́yìn àga tí Ìyá Àgbà máa ń jókòó sí. Àbúrò ìyá Mutmainah ni Gbádérọ̀. Iṣẹ́ fídíò yíyà ló ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, òun náà ló sì ya fídíò yìí lọ́jọ́ tí Mutmainah parí Kùránì, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.

Nùrẹ́nì, bàbá Mutmainah, ṣì wà láyé nígbà náà. Nínú fídíò ọ̀hún, ó dúró gbọnin síwájú kámẹ́rà, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ṣàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìyá tó bí i lọ́mọ, ìyẹn Ìyá Àgbà, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí jàǹbá ọkọ̀ ti pa á lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni fóònù rẹ̀ sọnù sí. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láyé àfi nínú fídíò yìí.

Ìyá Àgbà kò sì ríran mọ́. Etí ló fi ń wo fídíò. Bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, yóò ní, "Ẹ bá mi tan Nùrẹ́nì." Wọn á tan án. Ìyá á fọwọ́ lérán, á máa dá ọmọ rẹ̀ lóhùn bí ẹni pé iwájú rẹ̀ ló dúró sí: "Àmín o. Àmín, ọkọ mi."

Ṣùgbọ́n àwo fídíò náà ti gbó. Agbára káká ni Gbádérọ̀ fi rí ohun tó wà nínú rẹ̀ dà sínú kọ̀ǹpútà Mutmainah. Bó ṣe ń yọ àwo náà jáde ló kán sí méjì mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ẹ̀yọ kan ṣoṣo tó kù nìyí," ó wí. "Tí mo bá dé, ẹ̀dà rẹ̀ la ó kọ́kọ́ ṣe pa mọ́. Ìgbà náà la ó tó fọwọ́ kan ohùn. Ohùn méjì péré ló wà nínú rẹ̀, ti ọ̀tún àti ti òsì. A ó pín in fún sípíkà márààrún, kó lè dà bíi pé Ìyá Àgbà jókòó sáàárín ayẹyẹ gan-an. A ó wá kọ ọ́ sórí àwo tuntun."

"Mo ti gbọ́, Bọ̀dá mi."

Ó gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ti wà lọ́kàn rẹ̀. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Ikhlas, ará Bódìjà. Yàrá kan wà nílé wọn tí wọ́n ti ń wo fíìmù. Bí òjò bá ń rọ̀ nínú fíìmù, Ikhlas ní ńṣe ló máa ń dà bíi pé ẹ̀yìn ọrùn ẹni ló ti ń rọ̀. Kò sí ọjọ́ tí kì í sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà sú Mutmainah débi pé òun náà lanu lọ́jọ́ kan, ó ní ilé àwọn ti ní irú rẹ̀, àti pé òun fúnra òun lòun ń pín ohùn rẹ̀.

"Ìwọ?" Ikhlas bú sẹ́rìn-ín. "O ò lè ṣe é jàre! Ó dáa, a ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ẹ̀kọ́ àfikún ní lẹ́sìn. Ká wá fetí ara wa gbọ́ ọ."

Nígbà tí Sátidé pé, Mutmainah ní inú ń run òun, kò lọ sí lẹ́sìn. Ìyá rẹ̀ ti lọ ra òwú àti aṣọ ìtẹ́nú ní Dùgbẹ̀ fún iṣẹ́ aṣọ rírán tó ń ṣe. Ìyá Àgbà wà ní yàrá. Mutmainah ṣí kọ̀ǹpútà.

Ó ti wo ẹnì kan lórí fóònù tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Ẹni náà ní kí èèyàn yọ ohùn òsì kúrò nínú ti ọ̀tún, kó gbé ohun tó bá ṣẹ́ kù fún àwọn sípíkà ẹ̀yìn. Mutmainah ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkánjú kò jẹ́ kó rí i pé sípíkà márààrún lòun gbé ìṣẹ́kù náà fún. Ó tan ìbẹ̀rẹ̀ fídíò náà wò. Àwọn ọmọ kéwú ń kéwú, àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín, àwo oúnjẹ ń ró gbàngbàn, gbogbo rẹ̀ yí i ká. Orí rẹ̀ wú. Kò gbọ́ ọ débi tí bàbá rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀.

Kọ̀ǹpútà bi í léèrè bóyá kí tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó rántí ọ̀rọ̀ Gbádérọ̀. Bó ṣe ń rò ó ni fóònù rẹ̀ dún. Ikhlas ni: "A ti wà ní géètì Yunifásítì, ìtòsí yín níbẹ̀ o. Ṣé ó ti ṣetán àbí irọ́ lo pa?"

Mutmainah tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni".

Kò pẹ́ tí Ikhlas àtàwọn ọmọ kíláàsì méjì fi wọlé. Wọ́n kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà ní yàrá, Mutmainah sì fà á lọ́wọ́ wá jókòó sórí àga rẹ̀.

"Mo fẹ́ tan Nùrẹ́nì fún yín, Ìyá Àgbà. Ti òní yàtọ̀."

Nígbà tí ohùn náà bú jáde, Ìyá Àgbà yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì rẹ́rìn-ín. "Háà! Gbogbo wọn ti dé!" Ikhlas pàápàá lanu, kò lè pa á dé.

Wọ́n wá dé ibi tí Nùrẹ́nì ti jáde síwájú. Ẹnu rẹ̀ ń mì lójú tẹlifíṣọ̀n, kò sí ohùn kankan níbẹ̀. Àwọn obìnrin ń ṣe "Àmín", ọmọdé kan ń sunkún lápá kan, àwo ń ró. Ìyá Àgbà tẹ̀ síwájú lórí àga, ó dẹ etí sílẹ̀.

"Ṣé kò tíì débẹ̀ ni?"

Ẹnu Nùrẹ́nì ṣì ń mì.

"Mutmainah, ta ni wọ́n ń ṣe àmín fún?"

Ikhlas rọra sọ sí i létí pé, "Sọ pé bó o ṣe bá a nìyẹn." Mutmainah sì gbé e mì.

"Bọ̀dá Gbádérọ̀ ló dà á sínú kọ̀ǹpútà, Ìyá Àgbà. Bóyá ibẹ̀ ló ti bàjẹ́."

Ìyá Àgbà dìde, ó ń táràrà lẹ́bàá ògiri títí ó fi wọ yàrá lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ náà kò dúró gba omi.

Lọ́jọ́ Àìkú, Gbádérọ̀ dé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìyá Àgbà kò dáhùn ìkíni rẹ̀. Ìyá Mutmainah ló ròyìn fún un. Gbádérọ̀ kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀; ó ṣáà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì, àgbàlagbà ọkùnrin.

"Ẹ dárí jì mí, Ìyá. Mi ò mọ ibi tí mo ti ṣe é bàjẹ́. Ó ní láti jẹ́ ọwọ́ mi."

"O gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi, Gbádérọ̀," Ìyá Àgbà wí. "Mo ti sin ín lẹ́ẹ̀kan."

Mutmainah kò lè fara dà á mọ́. Ó wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbádérọ̀.

"Èmi ni! Èmi ni mo ṣe é! Bọ̀dá mi kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Mo fẹ́ ṣe fáàrí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Irọ́ ni mo pa mọ́ Bọ̀dá mi!"

Gbádérọ̀ dìde, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà náà. Ó wá a síwá, ó wá a sẹ́yìn, títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Níkẹyìn ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Àárín ni Nùrẹ́nì dúró sí," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Bí ohùn rẹ̀ ṣe wà lọ́tùn-ún náà ló wà lósì, ìkan kò ju ìkan lọ. Nígbà tí Mutmainah yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, wọ́n pa ara wọn rẹ́. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan ló kù."

Ìyá Mutmainah bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Ìyá, a ṣì rántí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún òun."

"Mo mọ ọ̀rọ̀ náà," Ìyá Àgbà dáhùn. "Mo mọ̀ ọ́n lórí. Ohùn ni mo ń wá."

Ó na ọwọ́, ó ń wá orí Mutmainah títí ó fi kàn án.

"Òótọ́ tó o sọ yìí dára. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé, ọmọ mi."

Mutmainah sunkún títí ohùn fi há a. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òun fi ìkánjú mú èyí tí kò ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, nítorí ìyìn àwọn tí kò jókòó tì í lọ́jọ́ ẹkún. Ìyá Àgbà dárí jì í, Gbádérọ̀ náà dárí jì í. Ṣùgbọ́n ìdáríjì kò dá ohùn Nùrẹ́nì padà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà bá ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ dúró. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ yín.