Ọjọ́ Mọ́kànlá Tí A Kò Wọ̀n

Bírò méjì ni ọmọbìnrin náà ń lò, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan aláwọ̀ búlúù, ó sì ń pààrọ̀ wọn bó ṣe ń kọ̀wé lọ, kí ìwé náà má baà dà bí ohun tí a kọ ní ìjókòó kan. Ó tẹjú mọ́ iṣẹ́ náà bí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò tí aago ń lé. Ọjọ́ kẹrin: 148 lórí 92. Ọjọ́ karùn-ún: 146 lórí 92. Ó ronú díẹ̀, ó yí bírò padà, ó kọ ọjọ́ kẹfà: 144 lórí 90. Ní ìlà kejì, níbi tí wọ́n kọ "ṣúgà" sí, ó bẹ̀rẹ̀ láti 170, ó sì ń fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ó ń gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń da omi sára ní ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ìró omi náà bá dákẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti parí.

Káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Ó ti di ọdún méjìlá tí wọ́n ti sọ fún un pé kòkòrò HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ ìjà, oògùn rẹ̀ á ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe kẹ́yìn fi hàn pé kòkòrò náà ti kéré débi pé ẹ̀rọ kò rí i mọ́. Ọkùnrin náà a máa fi ìyẹn yangàn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀ yó, ó sì ń jí tọ̀ ṣáá. Ilé ìwòsàn tó ti ń gba oògùn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ti wọ ọ́ lára.

Wọ́n fún un ní oògùn tuntun. Wọ́n yá a ní ẹ̀rọ méjì, èyí tó ń fún apá láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti èyí tó ń wọn ṣúgà. Wọ́n fi ìgò kékeré kan tì í, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan fún àárọ̀ kan. Wọ́n ní kí wọ́n máa kọ iye rẹ̀ sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì.

"Akọ̀wé mi ni yóò máa kọ ọ́," ni bàbá wí. Akọ̀wé ló ń pe ọmọ náà, nítorí láti kékeré ló ti ń bá a kọ ìwọ̀n pákó sílẹ̀ ní ìsọ̀. Ìyá rẹ̀ kò lè ṣe é. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń wà nídìí ààrò búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ dára. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìwé, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń kàwé ìdánwò pọ̀ ní àárọ̀, la òfin kalẹ̀, ó ní: "Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni. Ẹni tó bá pẹ́, kó máa bá ògiri kàwé níta." Ẹni tí a fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kó má sọ̀rọ̀.

Akọ̀wé ì bá ti sọ ìdí tí òun fi ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè a máa bí ìbéèrè. Ta ni ara rẹ̀ kò yá? Ilé ìwòsàn wo ló ń lọ? Orúkọ ilé ìwòsàn náà wà lára ẹ̀yìn ìwé, gbogbo àdúgbò ló sì mọ irú àwọn tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi di ọ̀la," ni ó wí ní ọjọ́ kẹrin náà.

"Máa lọ, jàre," ni bàbá dáhùn, inú rẹ̀ sì dùn bí ọmọ tí wọ́n ní kó má wẹ̀. "Ìka mi náà fẹ́ sinmi abẹ́rẹ́."

Ọ̀la di ọ̀tunla. Ọjọ́ mọ́kànlá kọjá.

Omi dákẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Akọ̀wé kọ ọjọ́ kẹrìnlá, 130 lórí 82, ó sì ti ìwé náà. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ lọ sára ìgò. Bébà mọ́kànlá wà nínú rẹ̀ digbí. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Ó gbé ìgò náà, ó fẹ́ jù ú sínú pàǹtí, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á. Ọmọ ẹni tó ń na ìṣó tó ti wọ́ kó lè tún un lò ni, wọn kì í ju nǹkan tó ṣì wúlò nù nílé wọn. Ó fi ìbọ̀sẹ̀ wé ìgò náà, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpò ìwé rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, Màmá Nọ́ọ̀sì wọn bàbá fúnra rẹ̀. 172 lórí 104. Ṣúgà, 238.

Dókítà, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀, ṣí ìwé náà. "Ó ga níbí o. Ṣùgbọ́n ti ilé dára púpọ̀. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó wá, àbí?"

"Búrẹ́dì díẹ̀," ni bàbá wí.

"Mo ti rò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sì wà tó jẹ́ pé ó máa ń ru tó bá ti rí wa. Ìwé ilé ni màá tẹ̀ lé, n kò ní fi kún oògùn yín. Ta ló kọ ọ́?"

"Akọ̀wé mi nìyí." Bàbá na ọwọ́ gba ìwé náà, ó wò ó. Gbogbo ìlà ló kún. Ó gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀, ó sì tún wolẹ̀.

Màmá Nọ́ọ̀sì gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó mà ń sọ̀ kalẹ̀ létòlétò o, bí ẹni tó ń bọ̀ lórí àkàbà. Ọmọ mi, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó sọ. Ó ṣì lè sọ ọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Bàbá wúkọ́, ó ń fi àwàdà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ̀yin náà ń da ara yín láàmú, Màmá Nọ́ọ̀sì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èmi sì ti kápá ẹ̀tẹ̀ tèmi."

"Ta ló sọ fún yín pé làpálàpá ni?" Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Nígbà kan, kòkòrò yẹn ló ń pa èèyàn kí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ráyè. Ní báyìí tí oògùn ti dè é mọ́lẹ̀, ẹ̀ ń dàgbà bíi ti gbogbo ayé, àrùn àgbà sì ń wá yín wá. Ó tilẹ̀ máa ń yá lára irú yín ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn iwájú, tó ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀, olè ò ní pẹ́ kó o."

Ní ọ̀nà ilé, ọ̀rọ̀ òjò ni bàbá ń sọ. Akọ̀wé ń dáhùn. Kò sí ẹni tó dárúkọ ìwé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, ó yà sí ìsọ̀ lẹ́yìn ilé ìwé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bàbá na téèpù sórí pákó, ó gbé ojú súnmọ́ ọn, ó tún sún sẹ́yìn.

"Akọ̀wé, wá bá mi ka èyí. Àwọn nọ́ńbà yìí ń jó."

Ẹnìkejì rẹ̀ ní ìsọ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kúkúrú-bí-ikú, bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ̀ ń jó, kì í ṣe nọ́ńbà!"

Akọ̀wé rántí 238 ti ilé ìwòsàn. Ó ka téèpù náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Sọ ọ́. Sọ ọ́ nísinsìnyí. "Bàbá," ni ó wí, "bàbá, ẹ dúró ná." Ṣùgbọ́n bàbá ti tan ayùn oníná, ariwo rẹ̀ sì gbé ohùn ọmọ náà mì. Pákó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Orí bàbá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tún gbé e sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀. Ayùn náà han. Kúkúrú-bí-ikú fò, ó sì pa iná ayùn náà.

Àtẹ́lẹwọ́ òsì bàbá ti là láti ìdí àtàǹpàkò dé ọrùn ọwọ́. Ọmọ náà sáré sún mọ́ ọn.

"Má fọwọ́ kàn án!" ni bàbá pariwo látorí ilẹ̀. "Ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ná!"

Kúkúrú-bí-ikú kò bèèrè ìdí. Ó ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá méjì, ó fi aṣọ mímọ́ di ojú ọgbẹ́ náà le, ó sì ké sí ọlọ́kọ̀ kan tó ń kọjá.

Ní ilé ìwòsàn, bí wọ́n ṣe ń rán ọwọ́ náà ni wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. 198 lórí 118. Ṣúgà, 386. Dókítà wo ẹ̀rọ, ó wo fáìlì. "Kò yé mi. Ìwé tí mo rí ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ńkọ́?"

Akọ̀wé ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò rẹ̀. Ó tú ìbọ̀sẹ̀, ó gbé ìgò náà sórí tábìlì. Màmá Nọ́ọ̀sì ṣí i, ó fi ìka ka àwọn bébà náà. Mọ́kànlá.

"Irọ́ ni mo kọ," ni ọmọ náà wí. "Ọjọ́ mẹ́ta péré ni a wọ̀n ọ́n."

"Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ tèmi sọ òótọ́ fún mi ní ọjọ́ yẹn," ni dókítà wí jẹ́ẹ́, "tí mo sì fi í sílẹ̀ nítorí ìwé rẹ?"

Omi dà lójú ọmọ náà. Kò nù ún.

Bàbá gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. "Dókítà, ẹ má dá a bá wí nìkan. Ara mi ni, mo mọ̀ pé a kò wọ̀n ọ́n. Mo rí ìwé tó kún, mo sì dákẹ́. Ó wù mí kó jẹ́ òótọ́ ni. Mo rò pé ẹni tó ti mú oògùn HIV ní ọ̀kúnkúndùn ti san gbogbo ohun tí ara rẹ̀ ń bèèrè."

"Làpálàpá yín ló fẹ́ gba ọwọ́ lọ yìí," ni Màmá Nọ́ọ̀sì wí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà lórí èjìká ọmọ náà. "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì. Oògùn aago mẹ́sàn-án kò gbọdọ̀ yẹ̀. Wíwọ̀n ẹ̀jẹ̀ náà kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ọ̀kan kò ṣe iṣẹ́ èkejì. Nọ́ńbà tó burú kì í pa èèyàn. Èyí tí a fi pamọ́ ló ń pa á."

Ìyá Akọ̀wé dé láti ibi iṣẹ́, ìyẹ̀fun ṣì wà ní apá rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó wo ọmọ rẹ̀. "Akọ̀wé," ni ó wí, "ṣé irú ìwé tí wọ́n torí ẹ̀ sọ ẹ́ lórúkọ nìyí?" Kò tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ì bá sàn fún ọmọ náà kó nà án.

Ọgbẹ́ tó yẹ kó jinná ní ọ̀sẹ̀ méjì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí ṣúgà kì í jẹ́ kí egbò tètè jinná. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, káfíńtà jókòó ní ìsọ̀ ara rẹ̀, ó ń wo ẹlòmíràn tó ń fi ayùn rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Akọ̀wé lọ bá Ìyá Ìwé. "N kò ní lè máa dé ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Mo ń wọn ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ní àárọ̀."

Ìyá Ìwé wò ó. "Kí ló dé tí o kò ti sọ tipẹ́? Ìyá tèmi náà ń gún abẹ́rẹ́ ṣúgà. Ká máa bẹ̀rẹ̀ ní aago méje." Ó ti ń ṣí ìwé rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ìbéèrè tí Akọ̀wé torí rẹ̀ kọ irọ́ ọjọ́ mọ́kànlá, ẹnikẹ́ni kò bi í.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ó gbé àga ti ògiri. Bàbá jókòó, ó fẹ̀yìn tì, ó fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá láìsí ọ̀rọ̀. Aṣọ ẹ̀rọ náà wú, ó fún apá, ó tú. Abẹ́rẹ́ gún ìka, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ mu ẹ̀jẹ̀.

"Èló ni?" ni bàbá bèèrè.

"158 lórí 96. Ṣúgà, 171."

"Ó ṣì ga." Bàbá wo àpá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣé a ò lè sọ ọ́ di 150, kí inú Màmá Nọ́ọ̀sì lè dùn?"

"Bàbá, ta ló máa ń sọ ní ìsọ̀ pé igi tí a kò wọ̀n, iná ló ń jẹ ẹ́?"

"Èmi ni," ni bàbá wí, ẹ̀rín rẹ̀ sì parẹ́. "Kọ ọ́ bó ṣe rí."

Bírò kan ṣoṣo ló fi kọ ọ́. Ó ka àwọn bébà tó kù nínú ìgò, iye wọn bá iye ọjọ́ tó kù mu. Ó ti ìwé náà, ó gbé e sórí tábìlì níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé ti lè rí i, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó sì jáde lọ.