Omi Tí Isoa Kò Gbọdọ̀ Mu

Isoa Ravutia kò tíì kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ bá rí i nílẹ̀ yàrá ìmúra yẹn, igbe òkú lẹ máa ké.

Ó nà gbalaja. Ẹnu rẹ̀ là, ètè rẹ̀ gbẹ, ó sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Wọ́n gbá a létí, kò jí. Wọ́n da omi lé e lórí, kò mira. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni. Aago mẹ́ta ọ̀sán ló yẹ kó gun òṣùwọ̀n; ẹni tí kò bá gùn ún kò ní jà. Lọ́jọ́ kejì ló yẹ kó kan ẹ̀ṣẹ́ pẹ̀lú Rodel Macaraeg, ará Philippines, níwájú gbogbo ìlú Lautoka, ní erékùṣù wa.

Sájẹ́ǹtì Mereseini, ọlọ́pàá ìlú, dé bí wọ́n ṣe ń gbé e sọ́kọ̀ ọsibítù. Ẹgbẹ́ akọrin kan náà lòun àti ìyá Isoa wà. Kí ló máa sọ fún obìnrin yẹn?

Kò pẹ́ tí fóònù rẹ̀ fi dún. Dókítà Shireen ni, láti ọsibítù.

"Mere, ẹnìkan fún un lóògùn. Mi ò mọ irú èyí tó jẹ́. Oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lé e jáde lára. Bí mo bá ṣìnà, èmi ni mo máa pa á. Bá mi wá orúkọ rẹ̀, kó tó di aago méjìlá."

"Bí mi ò bá rí i ńkọ́?"

"Bá mi wá a ni mo wí."

Ilé tí wọ́n ń kó ṣúgà sí láyé àtijọ́ ni wọ́n sọ di ilé ẹ̀ṣẹ́. Ilẹ̀ wa kéré, ẹ má rín wa: yàrá ìmúra kan, òṣùwọ̀n kan. Àwọn méjì tó fẹ́ lu ara wọn bolẹ̀ lọ́la, yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń sinmi. Lórí pẹpẹ lókè bẹ́ǹṣì Rodel, Mere rí ike omi Isoa. Ó ṣófo. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n sì dojú rẹ̀ dé. Ẹ ò rí ayé! Ẹni tó fọ ike ti fọ ẹ̀rí dànù.

Dharmend Lal tó ṣagbátẹrù ìjà náà ni Mere kọ́kọ́ pè. Òógùn ti mu ẹ̀wù rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ sọ láná pé kí ìjà yìí kúkú tú ká."

"Mo sọ ọ́! Ìbínú ni! Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wá alátakò. Gbọ̀ngàn tí mo gbà, wọ́n tún gbé e fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù rọ́gbì. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, Sájẹ́ǹtì, akànṣẹ́ mélòó ló wà nínú ìwọ̀n yẹn tó lè jà dé ìpele kẹwàá? Ẹyọ kan! Òun lẹ gbé lọ sọ́sibítù yẹn. Ta ni kí n wá gbé sójú ìjà, ìyá mi?"

"Níbo lẹ wà láàárọ̀, láti aago mẹ́fà?"

"Lórí rédíò. Mò ń bẹ aráyé kí wọ́n wá wòran."

Òótọ́ ni. Mere fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ nígbà tó ń din ẹyin.

Eroni, kóòṣì Isoa, fara ti ògiri. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Òun náà ti kan ẹ̀ṣẹ́ rí, imú rẹ̀ tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló ń sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ó fi í pamọ́ sábẹ́ apá.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ọwọ́ yín ń gbọ̀n."

"Ọmọ mi ló ń kú lọ yẹn. Kó má gbọ̀n kẹ̀?"

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Mo lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tí mo máa dé, ó ti wà nílẹ̀." Ó fi àgbọ̀n júwe yàrá ìmúra. "Àlejò yẹn nìkan ló wà ńbẹ̀."

Gbàgà! Òkúta bà lé páànù òrùlé. Àwọn èrò ti pé síta, orúkọ Rodel sì ni wọ́n ń pè. Mere mọ̀ pé bí ilẹ̀kùn yẹn bá já, òkú á di méjì. Ó sáré wọlé tọ ará Philippines náà.

Rodel ká jọ sí kọ̀rọ̀ bí ọmọ tójò pa.

"Màdámù, èmi kọ́! Wọ́n fẹ́ pa èmi náà ni. Ẹnìkan pọfọ̀ lé mi lórí láàárọ̀ yìí."

"Ọfọ̀ kẹ̀?"

"Aago méje. Isoa ń fo okùn níta. Mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì mi, mo fi táwẹ́lì bo ojú. Ẹnìkan wọlé. Ó dúró lé mi lórí, ó na ọwọ́ sí pẹpẹ. Ó wá ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: tulou, tulou. Lẹ́yìn náà ó pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́: pọ́, pọ́, pọ́. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n ṣíjú. Mo sùn lọ níbẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ gbì, Isoa ti já bọ́ láti orí bẹ́ǹṣì tiẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Mere. Ọfọ̀! Àwa tí a ń gbé níbí, tulou la fi ń tọrọ gáfárà. Bí ẹ̀yin ṣe ń ké àgò lẹ́nu ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ la ń ké tulou bí ọwọ́ wa bá fẹ́ kọjá lókè orí ẹlòmíì, torí orí èèyàn kì í ṣe ohun à ń rékọjá lásán. Àgbà tí wọ́n tọ́ lábúlé á tún ká àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, á pa á kí ó dún pọ́. Àwọn ọmọ ìgboro ò rántí ìyẹn mọ́.

Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ṣé ẹni tó wá fi májèlé sómi ló tún ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ orí àlejò? Ẹni yẹn kì í ṣe ẹni ibi. Àgbà ni, ọmọ abúlé ni, ìwà ti mọ́ ọn lára ju ibi tó fẹ́ ṣe lọ.

Ó tún rántí ètè Isoa tó sán. Ṣé ẹ ti rí akànṣẹ́ tó ń gbẹ ara rẹ̀ kó lè wọ ìwọ̀n rí? Láti àná, ẹ̀kán omi kan ò gbọdọ̀ kan ọ̀fun rẹ̀. Bí ìyá tó bí i gbómi fún un, á yí ojú. Ẹnu kan ṣoṣo ló wà láyé tó lè sọ pé "mu ún" tí á mu ún ṣáájú òṣùwọ̀n.

Mere wo aago: ó ku ogún ìṣẹ́jú kí méjìlá lù. Fóònù tún dún.

"Èémí rẹ̀ ti di mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan," ni Shireen wí. "Mere, jọ̀ọ́."

Mere tilẹ̀kùn mọ́ Rodel kí èrò má bàa rí i mú, ó lọ bá Eroni. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ọmọ.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ké tulou lórí àlejò. Ẹ̀yin lẹ ní kí Isoa mu omi. Ta ló tún lè pàṣẹ ìyẹn fún un?"

Ọkùnrin náà yọ ọwọ́ kúrò lábẹ́ apá.

"Mo kàn fẹ́ kó sùn ni," ló wí. "Kó sùn kọjá aago mẹ́ta. Ọmọ mi, mi ò fẹ́ kó kú."

"Kí lẹ fi sí i? Orúkọ rẹ̀!"

Eroni la ẹnu. Ohùn ò jáde. Ojú rẹ̀ yí sókè, ó ṣubú gbì, ọwọ́ àtẹsẹ̀ rẹ̀ ń já, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Yéè! Ẹ má kú, ẹ má kú!" Mere yí i sí ẹ̀gbẹ́, omijé ń dà lójú rẹ̀. Orúkọ oògùn ti fẹ́ bá a lọ. Ó tún wo ọwọ́ tó ti ń gbọ̀n láti àárọ̀. Gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n, gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n.

Wárápá! Ẹ̀ṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ló fi sílẹ̀ sí i lórí. Àbí kí ló dé tí alárùn yìí ò lo oògùn rẹ̀ lónìí? Nítorí kò kù mọ́, ó ti dà á sínú omi Isoa!

Ó ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù àgbà náà. Ìgò kékeré, orúkọ Eroni lára rẹ̀, kò sí hóró kan nínú rẹ̀. Mere ka orúkọ oògùn náà sórí fóònù, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.

"Ó ti tó," ni Shireen wí. Ó pa fóònù.

Lọ́jọ́ kẹta, Eroni sọ ìyókù nínú àtìmọ́lé.

"Isoa ti ń fi iyọ̀ sínú tíì. Ó ń fi orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú pè mí. Bí ẹ̀ṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ba orí tèmi náà jẹ́ nìyẹn."

"Ẹ ò ṣe sọ fáwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀ṣẹ́?"

"Ìgbìmọ̀ wo? Èèyàn mẹ́ta! Àna Dharmend lọ̀kan, ẹ̀gbọ́n Isoa nìkejì, ẹ̀kẹta ò wá sípàdé. A lọ síbi tí wọ́n ti ń wo inú orí, wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó lè rọ́pò ọmọ yẹn, gbogbo wọn sì ń fẹ́ ìjà. Mo ní kí Isoa má jà, ó ní bí mo bá tún sọ ọ́, òun á wá kóòṣì mìíràn. Hóró méjì ni mo fẹ́ lọ̀ sómi. Ẹ̀rù bà mí pé kò ní ràn án, mo da gbogbo rẹ̀ sí i." Ó nu imú. "Mo fọ ike, mo sì purọ́ mọ́ àlejò. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Mere kọ ọ́.

"Wọ́n ti wo orí rẹ̀," ló wí. "Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ́ kan péré lọ́jọ́ Sátidé ni ì bá pa á. Kò ní jà mọ́ láéláé."

Eroni di irin àtìmọ́lé mú.

"Ó ti ń sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sọ̀rọ̀."

"Kí ló sọ nípa mi?"

Mere ò fẹ́ sọ ọ́. Àgbà náà ò gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Ó ní ẹ ti pa òun, Bàbá. Ó ní Ọlọ́run ò ní dárí jì yín."

Eroni jókòó sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Omijé bọ́, ẹ̀rín sì tẹ̀lé e.

"Òkú wo ló ń búni? Jẹ́ kó máa bú mi, ọmọ mi. Kó dàgbà, kó darúgbó, kó ṣì máa bú mi."