Òkúta Tí Kò Ní Ìrù

Kámẹ́rà ẹnu géètì rí Ọmọ́túndé nígbà tó wọlé síbi iṣẹ́. Kò rí i kó jáde.

Odi òkúta àtijọ́ kan ni wọ́n ń tún mọ lẹ́yìn ìlú Verona, ní Ítálì. Ọmọ́túndé àti Jẹ̀lílì ni bíríkìlà ibẹ̀. Matteo ni ọ̀gá wọn.

"Ibi tí odi ya ló gbà sá lọ," Matteo wí. "Bóyá ìyàwó rẹ̀ gan-an ló ń sá fún. Lọ́la la máa palẹ̀ mọ́ níbí."

Bíọ́lá, ìyàwó Ọmọ́túndé, fò mọ́ ọn. "Kó sá lọ síbo? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà lórí tábìlì mi! Ṣé kì í ṣe ìwọ lo bá a jà lọ́jọ́ tá a rí i kẹ́yìn?"

"Ó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ni."

Tíolúwaní ò dá sí wọn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, ọmọ tí wọ́n bí sí àdúgbò Barriera di Milano ní ìlú Turin, tí ojú ọ̀gá kankan kì í bà lẹ́rù. Odi ló ń wò. Ó ga, ó dákẹ́, òjìji rẹ̀ sì tutù lára èèyàn.

"Bọ̀dá Jẹ̀lílì, báwo lẹ ṣe ń mọ irú èyí?"

Jẹ̀lílì tújú ká. "Àbúrò, ògiri méjì lò ń wò yẹn. Ọ̀kan wà níta, ọ̀kan wà nínú. Òkúta wẹ́wẹ́ là ń dà sáàárín wọn, pẹ̀lú calce, ẹfun òkúta tí wọ́n sun níná. Kì í tètè gbẹ, àmọ́ ó ń tọ́jọ́. Kí ògiri méjèèjì má baà pínyà, a máa ń fi òkúta gígùn dè wọ́n pọ̀. Orí rẹ̀ nìkan lo máa rí níta. Ìrù rẹ̀ ti wọnú lọ."

"Tí kò bá wá ní ìrù ńkọ́?"

Jẹ̀lílì rẹ́rìn-ín. "Odi á wú bí ikùn aboyún, á sì wó. Wèrè wo ló máa ṣe bẹ́ẹ̀?"

Tíolúwaní rìn yí ká. Nínú koríko, lẹ́yìn ẹ̀rọ ìpo-sìmẹ́ńtì, ó rí òkúta gígùn bíi mélòó kan tí wọ́n ti gé lórí. Ojú ibi tí wọ́n ti gé wọn ṣì funfun báláú.

Ìrù rèé. Orí dà?

Ó padà síbi tí wọ́n mọ kẹ́yìn. Àwọn orí náà wà níbẹ̀, wọ́n tò rẹ́rẹ́. Ó ki irin bọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan. Ó yọ bí eyín ọmọdé. Kò nípọn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí apá aṣọ iṣẹ́ búlúù.

Bíọ́lá figbe ta.

"Èmi kọ́ o!" Matteo ti ń fẹ̀yìn rìn.

"Mo mọ̀," Tíolúwaní dá a lóhùn. "Ìwọ ì bá kàn fi òkúta lásán dí i, kó o máa lọ. Bíríkìlà nìkan lojú rẹ̀ ò ní gbà á kí odi wà láìní orí òkúta." Ó yíjú. "Bọ̀dá Jẹ̀lílì, ìrù ò ráyè wọlé, àbí? Ẹ ti tẹ́ èèyàn síbẹ̀."

Jẹ̀lílì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Sìmẹ́ńtì ni Matteo ní ká máa dà sínú odi, kíṣẹ́ lè yá. Ọmọ́túndé ní omi á há sínú rẹ̀, á sì fọ́ òkúta. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe jà. Ó ní òun ń lọ fi sùn ní comune, lọ́fíìsì ìjọba ìlú. Wọ́n á ti ibí pa. Contratto iṣẹ́ mi á lọ, permesso tí mo fi ń gbé níbí á bá a lọ, wọ́n á dá mi padà sílé. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó kẹ̀yìn sí mi. Òòlù wà lọ́wọ́ mi."

Matteo fẹ́ yọ́ lọ. "Ìwọ náà, dúró níbẹ̀!" Tíolúwaní jágbe mọ́ ọn.

Jẹ̀lílì gbójú sókè sí Bíọ́lá. "Ìyàwó wa, mi ò fi sìmẹ́ńtì bò ó. Calce gidi ni mo fi bò ó, bó ṣe máa ń fẹ́ ẹ."

Bíọ́lá nu ojú rẹ̀.

"Ṣé kí n wá kúnlẹ̀ dúpẹ́ ni?"