Tábìlì Tó Mọ Ìgúnpá Aránṣọ

Káfíńtà ń yọ ìṣó tó ti dípẹtà lára ilẹ̀kùn ilé ìránṣọ nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sára obìnrin aránṣọ tó ni ibẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń lọ aṣọ, ó sì hàn pé kò mọ́ ọn lára. Eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká ọ̀tún rẹ̀ yọ gọngọ lábẹ́ ẹ̀wù bí apá ẹyẹ tó fẹ́ fò.

"Ẹ̀yin aránṣọ, ṣé ọlọ́wọ́ òsì ni yín?"

"Rárá o. Ọ̀tún ló gba ìsinmi, kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ káfíńtà lára. Láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀kùn yẹn ti ń wá àtúnṣe lójoojúmọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ló gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Dókítà ní eegun yẹn kò dúró sí àyè rẹ̀ mọ́, ó ń fún iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọwọ́. Tí aránṣọ bá ránṣọ díẹ̀, ìka rẹ̀ á máa ṣe bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún un. Ìyá rẹ̀ sì ti búra: bí ara kò bá tù ú títí oṣù fi parí, òun á ta máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀.

Káfíńtà bá a kan tábìlì tuntun tó máa gbé máṣíìnì lé. Ó dán, ó dúró dáadáa. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, aránṣọ kò lè ya irun orí ara rẹ̀.

Ìyá pàdé káfíńtà lẹ́nu ọ̀nà. "Káfíńtà, tábìlì rẹ fẹ́ pa mí lọ́mọ!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Ó ní kí aránṣọ jókòó kó ránṣọ. Ibẹ̀ ló ti rí àṣìṣe rẹ̀. Ìgúnpá ara rẹ̀ ló fi wọn tábìlì, bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, òun sì fi odindi orí kan ga ju obìnrin náà lọ. Èjìká aránṣọ ń gòkè lọ bá etí.

"Dijú. Jẹ́ kí èjìká wálẹ̀ fúnra rẹ̀."

"Ṣé o fẹ́ kí n sùn ni?"

"Tó o bá sùn, mo máa dúró tì ẹ́."

"Mo wà níbí o!" ni ìyá wí.

Káfíńtà wọn ìgúnpá aránṣọ dé ilẹ̀, ó rẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kúrú ní ìka mẹ́rin, ó fa máṣíìnì súnmọ́ ọn kó má baà máa nàgà. Láràárọ̀, aránṣọ a fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri bí dókítà ṣe kọ́ ọ. Káfíńtà a bọ́ síta, a máa ti òdì kejì, ó ní kí ògiri má baà wó.

Eegun náà kò padà sí àyè rẹ̀ tán. Àmọ́ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù, aránṣọ bẹ̀rẹ̀ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan láàárọ̀. Ó ń dìde, ó ń rìn díẹ̀, ó ń padà jókòó, títí ó fi gán bọ́tìnnì tó kẹ́yìn. Ìka kankan kò ta á. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà lé èjìká káfíńtà.

"Ta ló ni ín?"

"Ọkọ mi, tó bá gbà."

Káfíńtà di ọwọ́ náà mú.

Ìyá yẹ ojú rírán wò, ó fa apá ṣẹ́ẹ̀tì, kò rí àbùkù kankan.

"Káfíńtà, ọjọ́ wo lò ń mú àwọn òbí rẹ wá?"