Ẹni Tó Dúró Sípò Wade

Inú ìjà ni Wade Hensley ti kọ́kọ́ rí Darla Stidham. Ẹlẹ́wọ̀n méjì ń lu ara wọn ní yàrá ìjẹun, Wade tó jẹ́ wọ́dà kó sáàárín wọn, ọ̀kan nínú wọn sì fi abọ́ irin là á lórí. Nígbà tó máa lajú, obìnrin kan ti kúnlẹ̀ tì í, ó fi ìborùn rẹ̀ tẹ ojú ọgbẹ́ náà.

"Má sùn o! Bó o bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, èmi ni wọ́n á ní kí n nu ilẹ̀."

"Ta nìyẹn?"

"Tíṣà tó ń kọ́ wọn níwèé ni mí. Ìwọ ńkọ́, ṣé orí lo fi ń gba abọ́ ni?"

Wade rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ náà ni ìfẹ́ ti kó sí i lára.

Harlan, bàbá Darla, ti ṣe wọ́dà níbẹ̀ rí, kí ẹlẹ́wọ̀n kan tó fọ́ orúnkún rẹ̀. Ó ní òun ò ní fọmọ fún ẹni tí kò lè dúró sípò. Wade ní òun á dúró. Bàbá gbà, wọ́n sì mú ìgbéyàwó sí oṣù Kejìlá.

Àfi bí àwọn aṣòfin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fa owó ìlú mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí ìjọba ò rówó ná mọ́, tó sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ti ọ́fíìsì pa, owó oṣù dúró. Ṣùgbọ́n ta ló máa ti ẹ̀wọ̀n pa kó ní káwọn apànìyàn máa relé? Wọ́n ní káwọn wọ́dà máa ṣiṣẹ́ lọ, owó ń bọ̀. Owó ò bọ̀. Wọ́dà ń dín kù, àwọn tó kù ń ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n mọ́lé látàárọ̀ dalẹ́, inú àwọn yẹn sì ń ru. Ẹ̀jẹ̀ kì í gbẹ nílẹ̀ ibẹ̀ mọ́.

Nígbà tí oṣù Kọkànlá wọlé, káàdì tí ìjọba ń fi owó oúnjẹ sí fún ìyá Wade ṣófo. Wade bá màmá náà níbi tó ti ń bu omi lé ọbẹ̀ tó ti ṣàn tẹ́lẹ̀.

"Mo ti jẹun tèmi, ọmọ mi. Ìwọ jókòó, kó o jẹ."

Wade mọ̀ pé irọ́ ni. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó pe ibi iṣẹ́ pé ara òun ò yá, ó sì gba oko gẹdú lọ, níbi tí wọ́n ti ń sanwó lójú ẹsẹ̀.

Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn, bí wọ́dà kò bá wá, ẹni tí ọwọ́ bá bà ni wọ́n máa kó kọ́kọ́rọ́ fún, ìbáà ṣe nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà. Wade mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọkùnrin ni wọ́n máa mú.

Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀, Darla ló na ọwọ́. "Wade ni mo fẹ́ dúró fún. Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ wá."

Lọ́sàn-án, bó ṣe ṣílẹ̀kùn láti gbé oúnjẹ wọlé, ẹlẹ́wọ̀n méjì ya jáde lé ọ̀tá wọn. Darla dúró lọ́nà. Agádágodo tí wọ́n so sínú ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi fọ́ ọ lẹ́nu, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá, wọ́n sì gún ẹni tí wọ́n ń lé títí ó fi kú.

Wọ́dà kan ló pe Wade. "Wọ́n ti lu Darla o! Opal tó ń se oúnjẹ la fi rọ́pò rẹ̀." Wade ju ayùn sílẹ̀, ó sáré dé ọsibítù.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Ti Wade ò tiẹ̀ rọ́jọ́ lò. Harlan, tó ti débẹ̀ ṣáájú, tó sì ti gbọ́ pé àìsàn ló dá Wade dúró sílé, wo irun rẹ̀, ìyẹ̀fun igi ló kún ibẹ̀.

"Àìsàn wo ló ń da ìyẹ̀fun igi síni lórí?"

Kí Wade tó lanu, ẹ̀ṣẹ́ ti bà á. Ó ṣubú, bàbá sì fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ bò ó.

"O fọmọ mi dí ihò! Ọmọ mi!"

Wade ò gbọ́wọ́ sókè. Àwọn nọ́ọ̀sì ló fa bàbá kúrò lórí rẹ̀.

Wade wọ́ lọ sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti fi wáyà di eyín Darla pọ̀ nítorí àgbọ̀n rẹ̀ tó ṣẹ́.

"Irọ́ ni mo pa, ọkàn mi. Ara mi yá. Igi ni mo lọ gé. Omi ọbẹ̀ ni ìyá mi ń mu."

Darla gbá a létí, ó tún gbá a. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ láàárín eyín.

"Ṣé Opal ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, Wade." Ó fi ọwọ́ pa ibi tó gbá a, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Mo ṣì fẹ́ ọ. Lọ gbà á sílẹ̀."

Harlan ló fi ọkọ̀ gbé e lọ. Ní ẹnu géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi irin lu irin nínú lọ́hùn-ún, pẹ̀lú igbe.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́ o."

"Mo mọ̀, sà."

"Tó o bá jáde láàyè, wá jẹun nílé wa. Ẹ̀wà wà lórí iná."

Wade sọ̀ kalẹ̀. Kò tíì rìn jìnnà tí bàbá fi pè é.

"Wade! Mú ìyá rẹ dání."

Wade mi orí pé òun gbọ́, ó sì wọlé lọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Opal.